Ọwọ́ Sùlíyá Kò Gbéra

Sátidé, 9 Júláì, 1994

Olútóyìn ló ń kọ èyí, ẹnu mi ló ti ń jáde. Èmi ò mọ̀wé. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ojú irin ló ní kí a máa kọ ohun tí a bá rí lára Sùlíyá sílẹ̀ lójoojúmọ́, ká yé wá sọ fún òun pé ara rẹ̀ kò yá. Yàrá iwájú ni Olútóyìn ń gbé nílé mi. Akọ̀wé ni ní Aláúsá, ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀ láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sí mọ́tò tí yóò gbé e débi iṣẹ́. Mo ní kó jókòó kó kọ ọ́.

Ohun tí mo rí nìyí. Sùlíyá ọmọ mi na apá méjèèjì síwájú, ọwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ó lè ká ìka. Ó lè di nǹkan mú bí a bá fi í sí i lọ́wọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè. Ọ̀tún burú ju òsì lọ.

Nọ́ọ̀sì kọ ẹ̀gbà sí káàdì rẹ̀. Mo ní kì í ṣe ẹ̀gbà. Ó ní kí ni mo mọ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbà ló pa bàbá mi, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbà a máa mú apá kan ara láti orí dé ẹsẹ̀, a sì máa fa ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu Sùlíyá tọ́. Ó fi bá mi jà ní àárọ̀ yìí.

Òjò. Kò sí kẹrosíìnì ní gbogbo Agége.

Àtìní, 11 Júláì

Mo gbé apá Sùlíyá lé orí tábìlì, mo jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ létí tábìlì, mo ní, "Gbé e." Kò gbé e. Báyìí ni a ó máa ṣe é láràárọ̀. Olútóyìn bi mí pé kí ni òun yóò máa kọ bí kò bá gbé e. Mo ní kó máa kọ pé kò gbé e.

Aránṣọ ni Sùlíyá. Ọkùnrin kan ní Ìlúpéjú ló máa ń gé aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, tí yóò pín in fún àwọn aránṣọ láti rán nílé. Ogún ló kù nílẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn. Ọkùnrin náà ti ránṣẹ́ pé òpin oṣù ni òun ń fẹ́ ẹ. Aránṣọ tí kò lè gbé ọwọ́, kí ni a ń pè é?

Àlàmísì, 14 Júláì

Kò gbé e.

Job wá. Òun ni ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò tó ti kú. Ó tún kó èèpo bátìrì kún bárò wá fún mi, bó ti máa ń ṣe láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ń da àwọn èèpo dúdú náà nù lẹ́yìn ọgbà wọn. Bí a bá fi òòlù fọ́ ọ, ẹyọ méjì péré á se ẹ̀wà jinná kí igi tútù tó mú iná. Ìdì igi tí a ń rà ní náírà márùn-ún lọ́dún tó kọjá ti di ogún. Job kò gba kọ́bọ̀. Mo bu ẹ̀pà fún un.

Orí iná yìí ni mo ti ń yan ẹ̀pà tí mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́. Sùlíyá a máa kó ẹ̀yìnná rẹ̀ sínú áyọ́ọ̀nù nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, a sì tẹrí ba lé e lórí, a máa fi ẹnu fẹ́ ẹ kó lè mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é mọ́. Èéfín rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n èéfín wo ló fúyẹ́?

Àtàláátà, 19 Júláì

Kò gbé e. Òsì ti ń tẹ̀ lé ọ̀tún.

Uswat ọmọ Sùlíyá, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò jẹun láti àná. Inú ń run ún. Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ láti ìdájí títí oorun á fi gbé e lọ, tó máa ń bá ewúrẹ́ ṣe àríyànjiyàn, ó jókòó sí igun ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé orí lé eékún. Mo fún un ní àgbo jẹ̀dí. Kò ṣiṣẹ́.

Inú ń run èmi náà, ó ń fún mi bí ẹni ń fún aṣọ. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí n kò rí ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Ẹnu mi ń ṣe mí bí ẹni tó lá kọ́bọ̀. Olútóyìn ní ṣé kí òun kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àgbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í nawọ́ pé òun náà rèé. Bí ìyá mi ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn. A kò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá títí ọjọ́ tí a wẹ òkú rẹ̀.

Jímọ́ọ̀, 22 Júláì

Kazeem ọkọ Sùlíyá dé láti Maryland, níbi tó ti sun ọjọ́ mẹ́ta sínú bọ́ọ̀sì lórí ìlà epo. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń wà. Kò rí epo rà. Ó ní ìyá òun ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé bàbá kan wà níbẹ̀ tó mọ ẹ̀gbà wò, tó máa ń sín gbẹ́rẹ́ yí ọrùn ọwọ́ ká. Kí òun kó ìyàwó àti ọmọ bọ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀gbà."

Ó ní, "Ìyá, wọ́n ti kọ ọ́ sí káàdì."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló wẹ bàbá mi?"

 Kazeem kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ọkùnrin tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ìyá rẹ̀ ló máa ń sá tọ̀ lọ. Ó ní ọjọ́ tí òun bá rí epo ni òun á kó wọn lọ. Gbogbo Èkó ń tọrọ epo lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi nìkan ni mò ń tọrọ pé kó má tíì dé.

Àlàrùba, 27 Júláì

Ilé ìwòsàn ìjọba kò gba ènìyàn, àwọn dókítà náà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ Olútóyìn ló júwe Dókítà Ishaq fún wa, tó ní yàrá mẹ́rin tirẹ̀ ní Ìkẹjà, lẹ́yìn ilé ìtajà bàtà kan. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló kọ́ ìmọ̀ rẹ̀. A fi Uswat ti aládùúgbò, a fi ẹsẹ̀ rìn.

Irùngbọ̀n dókítà náà kò tíì kún, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn í bi léèrè. Ó bi Sùlíyá bóyá ọwọ́ náà ń ta á, bóyá pajápajá ló ń mú un, bóyá ó ń ṣe é bí ìgbà tí eèrà ń rìn lára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, Sùlíyá fò sókè. Ó fi òòlù rọ́bà gbá a lórúnkún. Ó wá ní nọ́ọ̀fù ni.

Mo ní kí ló ń jẹ́ nọ́ọ̀fù. Ó ní iṣan ni. Mo ní iṣan wo, nítorí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Kò bínú. Ó gba apá mi, ó tẹ ibi tó ń lù kìkì lọ́rùn ọwọ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń gba ìyẹn. Ó tẹ okùn líle tó wà ní kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó ní ìyẹn ló ń fa egungun. Ó wá yí apá mi padà, ó tẹ ihò kan lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́, iná ṣẹ́ láti ibẹ̀ dé ìka mi tó kéré jù. Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni nọ́ọ̀fù, Ìyá." Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti ń fi í gbá ara ògiri, n kò mọ̀ pé ó ní orúkọ.

Ó ní ọpọlọ ló ń pàṣẹ, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àṣẹ ń gbà sọ̀ kalẹ̀, nọ́ọ̀fù ló sì ń pín in kiri ara, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Oríṣi méjì ni: èyí tó ń gbé ìròyìn lọ sílé, àti èyí tó ń gbé àṣẹ jáde. Ti ìròyìn dára lára Sùlíyá, ìdí nìyẹn tó fi mọ abẹ́rẹ́ lára. Ti àṣẹ ni kò dé ọwọ́. Èyí tó ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè ń jẹ́ rédíà, ó sì fi bírò fa ọ̀nà rẹ̀ fún wa láti abíyá, gba ẹ̀yìn apá, dé ọrùn ọwọ́. Sùlíyá ní ó dà bí ìgbà tí òwú bá já lókè, tí maṣíìnì ṣì ń yí lọ. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Sùlíyá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ó ní ohun tó rú òun lójú ni pé ọwọ́ méjèèjì ni. Ẹni tó bá sùn lé apá, ọ̀kan ṣoṣo ni ń já. Ó bi mí bóyá ẹlòmíràn ń ṣàìsàn nínú ilé. Mo ní rárá. Inú rírun ọmọdé kì í ṣe àìsàn, tèmi kò sì kàn án. Olútóyìn wúkọ́. N kò wojú rẹ̀.

Àtàláátà, 2 Ògọ́ọ̀sì

Kò gbé e.

Ọkùnrin Ìlúpéjú wá kó ogún aṣọ rẹ̀. Sùlíyá fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìdì náà sún mọ́ ọn, torí kò lè gbé e. Kò sunkún níwájú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo ní bí yóò bá sunkún kó tètè sun ún, ẹ̀wà wà lórí iná.

Àlàmísì, 4 Ògọ́ọ̀sì

Òjò dá. Uswat ń bì. Ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó bá ń rìn. Ó pe ewúrẹ́ ní adìyẹ, kò sì mọ̀ pé òun ṣì í pè.

Sọ́ńdè, 7 Ògọ́ọ̀sì

Lánàá, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ó gbé e tàbí kò gbé e.

Kazeem dé láàárọ̀ àná. Ó ti rí epo tó lè gbé wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń di ẹrù sínú bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ni Uswat ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ le gan-an, ó wá ń jà nílẹ̀ bí ẹja. Gìrì. Obìnrin kan ládùúgbò sáré dé, ó ní ká ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Mo ní ẹni tó bá mú ẹsẹ̀ ọmọ yìí débi iná, orí tirẹ̀ ni màá kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, mo nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rọ̀ díẹ̀, mo gbé e sínú bọ́ọ̀sì, Sùlíyá àti Olútóyìn wọlé tẹ̀ lé mi.

Kazeem dojú kọ ọ̀nà Ìbàdàn.

Mo ní, "Ìkẹjà."

Ó ní, "Ìyá, epo yìí kò lè ṣe méjèèjì."

"Mo mọ̀. Ìkẹjà."

Ó yí ọkọ̀ padà.

Ọmọ tún ń jà nígbà tí a dé ibẹ̀. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lajú. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ti wú. Ó ní ìyá tí nọ́ọ̀fù ọwọ́ rẹ̀ kú àti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ wú, nínú ilé kan náà, òun kò gbà pé ó ṣe kòńgẹ́ ara wọn lásán. Ó kọjú sí mi. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni kò sí ẹlòmíràn. Mo ní kò sí.

Olútóyìn dìde. Ó fa ìwé yìí yọ lábẹ́ ẹ̀wù, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ẹnu mi níwájú gbogbo wọn: inú tó ń fún mi bí aṣọ, ìgbọ̀nsẹ̀ tí n kò rí ṣe, kọ́bọ̀ tó wà lẹ́nu mi. Mo ní kó pa á dé. Ó ń kà á lọ. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀, mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé mi. Ó kà á tán pátápátá kó tó dá mi lóhùn.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Bí ọmọ bá jí, kí ẹ lé mi."

Dókítà ní kí n la ẹnu. Mo ní eyín méje péré ló kù níbẹ̀, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Sùlíyá ní, "Ìyá, ẹ la ẹnu yín." Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn tí èmi fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Mo la ẹnu. Dókítà tan iná sí i. Ó wo ti Sùlíyá, ó rọra la ti ọmọ. Lẹ́yìn náà ó gbé dígí fún mi. Ní ìdí eyín mi méjèèje, lára erìgì, ìlà kan wà níbẹ̀ tó dúdú bí aró. Ti Sùlíyá rí bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ kéré jù, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Dókítà ní, "Òjé ni. Níbo ni òjé ti ń wọ ara yín?"

Ó bèèrè omi. Ó bèèrè ìkòkò, tìróò, àgbo. Ó yẹ ẹnu Olútóyìn wò, kò sí ìlà níbẹ̀. Iwájú ilé ni Olútóyìn ń sùn, ìta ló sì ti ń jẹun. Dókítà wá bi mí ohun tí a fi ń dáná lẹ́yìn ilé.

 Mò ń rí Sùlíyá tó tẹrí ba lé áyọ́ọ̀nù lórí, tó ń fẹ́ ẹ. Mò ń rí igun tí Uswat máa ń jókòó sí. Mo ní, "Èèpo bátìrì. Èmi ni mo fi ń dáná."

Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Olútóyìn. Má kọ ọ́ mọ́ Job lọ́rùn, òun náà kò mọ̀. Kí o sì kọ ọ́ pé bí mo bá ti la ẹnu yìí nígbà tí dókítà kọ́kọ́ bi mí, ọmọ náà kì bá tí dé ibi gìrì.

Kò tíì jí. Olútóyìn ṣì ń gbé nílé mi.

Àtàláátà, 9 Ògọ́ọ̀sì

Ọmọ lajú. Kò sọ̀rọ̀.

Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wọ́n bí ojú. Kazeem fi ọjọ́ méjì wa bọ́ọ̀sì wá a kiri gbogbo Èkó kó tó rí i rà ní Ìdúmọ̀tà. Epo tán mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Maryland nígbà tó ń bọ̀, ó fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ sáré dé Ìkẹjà. N kò tún sọ nǹkan kan mọ́ nípa ìyá rẹ̀.

Mo sọ fún Job. Ó jókòó sórí bárò òfo, ó ní ìyàwó òun náà fi ń dáná. Mo ní kí ló wá jókòó síbí fún. Ó dìde, ó sáré lọ.

Sátidé, 20 Ògọ́ọ̀sì

Uswat wálé. Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó mọ̀ wá. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Dókítà ní apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ ń gbé, wíwú náà sì ti tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lè padà, ó lè má padà. Mo ní èwo ni ká mú. Ó ní òun kò mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ náà ti débi tèmi àti ti Sùlíyá. Ó ń dunni.

Kazeem àti Olútóyìn wó ilé ìdáná mi. Wọ́n gbẹ́ eérú àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ títí tí ihò náà fi mu wọ́n dé orúnkún, wọ́n dì í sínú àpò ọ̀rá, wọ́n lọ rì í síbi tí ọmọdé kò ní dé. Mo ní kí wọ́n kó ẹ̀pà tí mo ti yan mọ́ ọn. Mò ń ronú àwọn tó ti rà á lọ́wọ́ mi jẹ.

Ọwọ́ Sùlíyá: kò gbé e.

Sátidé, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò gbé e.

Mo ti bẹ àwọn obìnrin àdúgbò pé kí wọ́n fi èèpo bátìrì sílẹ̀. Wọ́n ní èéfín kì í pa ènìyàn, kí n fún wọn ní kẹrosíìnì nígbà náà. Lónìí, mo mú dígí lọ́wọ́, mo gba ilé dé ilé. N kò ṣàlàyé ọpọlọ tàbí nọ́ọ̀fù fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn, mo la ẹnu, mo fi ìka fa ètè wálẹ̀, mo ní kí wọ́n wò ó. Mo wá gbé dígí fún wọn kí wọ́n wo tiwọn àti ti ọmọ wọn. Ilé mọ́kànlá ni mo dé. Nínú mẹ́ta, a rí ìlà náà.

Ọ̀dọ́bìnrin kan rẹ́rìn-ín pé ìyá arúgbó wá ń kiri eyín. Mo ní ọ̀fẹ́ ni, bíi ti èèpo bátìrì. Ó pe ọmọ rẹ̀ wá sídìí dígí.

Àlàmísì, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó gbé e. Kò ga ju hóró ìrẹsì kan lọ, òsì sì ni, kì í ṣe ọ̀tún. Mo ní kó tún un gbé. Ó tún un gbé. Olútóyìn fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ gígùn síbí. Mo ní ó tó.

Sọ́ńdè, 2 Ọkitóbà

Òsì ń gbéra dáadáa. Ọ̀tún ń mì, kò tíì gbéra. Dókítà ní nọ́ọ̀fù máa ń hù padà díẹ̀díẹ̀ bí èékánná, kò sí ẹni tó lè bá a sáré. Ìyá Kazeem ránṣẹ́ pé àdúrà òun ló gbà. Mo ní kí wọ́n bá mi kí i.

Uswat kò sọ̀rọ̀. Bí a bá ń gbé ọwọ́ láràárọ̀, abẹ́ tábìlì ló máa ń jókòó sí, á máa wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ewúrẹ́ wá a wá lónìí, ó ń ké. Ọmọ wò ó, ó gbójú kúrò.

Àtàláátà, 18 Ọkitóbà

Òjò ń rọ̀ láti ìdájí. Mo gbé apá ọ̀tún Sùlíyá lé orí tábìlì, mo jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ohùn kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ó há bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Gbé e."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Olútóyìn. Sùlíyá kò wo ìsàlẹ̀, èmi ló ń wò, omi ti kún ojú rẹ̀.

Mo ní, "Kí lo ń wò mí sí? Ṣé èmi ni mo bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ó gbé e.